Ìbọn Tó Sùn Sí Ṣọ́ọ̀bù: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí Wọ́n Ń Gbà Dènà Olè Nílé Ìtajà Ìbọn l'Amẹ́ríkà

Bí olè bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, aṣọ ló kó lọ. Ẹni tó ni ọjà a ké, ilé-iṣẹ́ adójútòfò a san díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì tán. Ti ṣọ́ọ̀bù ìbọn kì í tán bẹ́ẹ̀. Ìbọn tí wọ́n jí lóru òní lè dé ọwọ́ ẹni kẹta kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ó sì lè tó ọdún mélòó kan kí ọlọ́pàá tó rí i nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti pa èèyàn, ní ìlú tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò dé rí. Ìdí nìyí tí bí oníṣọ́ọ̀bù ìbọn ṣe ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ní Amẹ́ríkà, níbi tí nǹkan bí 50,000 oníṣòwò ti gba láísẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀ láti máa ta ìbọn, láìka àwọn onídògò tí àwọn náà ń tà á.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò sọ bí wọn yóò ṣe ti ilẹ̀kùn náà. Òfin Ìbọn ti 1968 ló fi ìpìlẹ̀ ètò láísẹ́ǹsì tó wà lónìí lélẹ̀. Láti 1994 ni òfin ti ní kí oníṣòwò tí ìbọn rẹ̀ bá sọnù, tàbí tí wọ́n bá jí i, fi tó ATF, àjọ tó ń mójútó ọ̀rọ̀ ìbọn, àti ọlọ́pàá àdúgbò létí láàárín wákàtí 48 tó bá ti mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó jalè nírú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ṣùgbọ́n irú àgádágodo, irú ògiri, kí áláàmù wà tàbí kó má wà, òfin náà kò dá sí i. Èyí tó tún wá pani lẹ́rìn-ín ni pé láti 2005 ni òfin àpapọ̀ ti pàṣẹ pé oníṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ fi ohun tí wọ́n fi ń ti ìbọn kún ìbọn ìléwọ́ tó bá tà fún aráàlú. Oníbàárà kò gbọdọ̀ jáde láìmú kọ́kọ́rọ́ dání. Lójú òfin kan náà, oníṣọ́ọ̀bù lè fi igba ìbọn sílẹ̀ nínú àpótí gíláàsì, kó sì lọ sùn.

Ìṣirò ATF fi hàn pé ìbọn 4,340 ni wọ́n kó nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fọ́ ní 2012. Nígbà tó fi máa di 2016, ó ti di 7,488. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti gbóná lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹni tó bá sì ń gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé àwọn tó ń jiyàn ń takora ni, nígbà tó jẹ́ pé olè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ń wò. Ẹnìkan ń ronú ẹni tó ń fi ọkọ̀ ya ògiri lóru. Ẹlòmíì ń ronú adigunjalè ojú ọ̀sán. Ẹlòmíì ń wo oníbàárà tó ń ti nǹkan bọ abẹ́ kóòtù, ẹlòmíì sì ń wo òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù. Kò sí irin kan tó lè dènà gbogbo wọn.

Kí ara ilé le

Fún ìhà àkọ́kọ́, ilé ni olè máa kọ́kọ́ bá pàdé, ilé náà ni kó sì lé e padà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìbọn l'Amẹ́ríkà wà nínú ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ papọ̀ lẹ́bàá títì: gíláàsì gbàràmù níwájú, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì kángun sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá jí ọkọ̀ akẹ́rù kan, tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá gíláàsì náà, ti wọlé nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ń dènà èyí ni òpó irin: páìpù tó nípọn, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì da kọnkéré kún inú rẹ̀. Wọ́n ń tò ó níwájú gíláàsì kí àlàfo tó wà láàárín òpó méjì má gba ọkọ̀, ṣùgbọ́n kó gba kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò lè rìn, nítorí òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀-ara béèrè pé kí ọ̀nà má dín ní ínǹṣì 36. Àwọn tí kò fẹ́ kí iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn dà bí ọgbà ẹ̀wọ̀n máa ń fi àgbá kọnkéré ńláńlá rọ́pò òpó, wọn a sì gbin òdòdó sí i. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe.

Lẹ́yìn òpó ni ọ̀rọ̀ kan gíláàsì. Ọ̀rá líle kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn láti inú. Gíláàsì á fọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá yóò di àfọ́kù rẹ̀ mú, olè yóò sì ní láti lù ú léraléra kó tó ráyè kọjá. Irin ojú fèrèsé tí àwa ń pè ní bọ́gílárì, àti ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń fà sílẹ̀ lálẹ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kì í wò ni ẹ̀gbẹ́ àti òkè. Nínú irú ilé alájọkọ́ bẹ́ẹ̀, ògiri tó pín ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù kì í sábà jẹ́ búlọ́ọ̀kù bíi tiwa. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ férémù ni. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù onírun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́, lè gba ibẹ̀ já sí ti oníbọn láìkan òpó kankan. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń ní kí wọ́n fi àwọ̀n irin sínú ògiri náà, kí wọ́n sì wo òrùlé àti ihò afẹ́fẹ́.

Agbára ìhà yìí ni pé kò nílò ìrántí ẹnikẹ́ni. Òpó kì í gbàgbé, kì í béèrè iná, kì í sì í gba ìsinmi. Àìlera rẹ̀ ni owó, àti pé ayálégbé ni ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù. Onílé lè kọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ́lẹ̀ níwájú ilé òun. Ìjọba ìlú lè ní òpó ń gba ojú ọ̀nà. Àwọn panápaná náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn lórí ilẹ̀kùn tí kò ní tètè ṣí bí iná bá sọ. Olè ojú ọ̀sán sì rèé, ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé, ó sì kí èèyàn káàsán.

Kí ìbọn má sùn sórí káńtà

Ìhà kejì gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ilẹ̀kùn yóò já lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè tiwọn ni pé: bó bá já, kí ni olè yóò bá nínú ilé?

Ìpínlẹ̀ California ló mú èyí ṣe òfin tó ṣe kedere jù. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti padé, ìbọn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀kan nínú ipò mẹ́ta: nínú ilé tí ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ìlànà òfin mu, tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá irin tàbí okùn irin líle tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìdámẹ́jọ ínǹṣì lọ gba ibi ìka ìbọn já, kí wọ́n sì tì í, tàbí kó wà nínú àpótí irin tí iná kò lè ràn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nírọ̀lẹ́. Ìbọn ìléwọ́ wà nínú àpótí gíláàsì lábẹ́ káńtà, ó tò lọ rẹrẹẹrẹ, páálí iye owó so mọ́ ìkọ̀ọ̀kan. Bí oníbàárà ìkẹyìn bá ti jáde, òṣìṣẹ́ méjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn ní àwo kọ̀ọ̀kan, wọn yóò tò wọ́n sórí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, wọn yóò tì í lọ sínú yàrá irin, ẹnìkan yóò máa ka nọ́ńbà bí ẹnì kejì ti ń gbà á. Àwọn ìbọn gígùn yóò dúró sára ògiri, okùn irin yóò gba inú gbogbo wọn já bí okùn tèsùbáà. Ní àárọ̀, wọn yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àwo tó ṣófo ni ẹni tó bá ń gba títì kọjá lóru yóò rí nínú gíláàsì. Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ máa ń tan iná sílẹ̀ kí ó lè rí i.

Àwọn tó tako èyí ní ìdí. Àkókò tí òṣìṣẹ́ fi ń kó ìbọn wọlé, owó ni. Ìbọn olówó ńlá máa ń ha lára bí wọ́n bá ń gbé e sókè sódò lójoojúmọ́. Àpótí irin tó lè gba ọgọ́rùn-ún ìbọn wúwo débi pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mìíràn kò lè gbé e. Okùn irin pẹ̀lú, ẹni tó bá mú irinṣẹ́ wá yóò já a. Àkókò ló ń rà, kì í ra ààbò pátápátá. NSSF, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìbọn, kò fara mọ́ kí òfin kan ṣoṣo de gbogbo ṣọ́ọ̀bù: ohun tó bá ṣọ́ọ̀bù ńlá ìgboro Los Angeles mu kò ní bá ti ẹni tó ń ta ìbọn ọdẹ ní abúlé Montana mu. Ẹ̀rí tó wà fún ìhà yìí ni pé àwọn ńláńlá fúnra wọn mọ̀ pé ibi tí ìbọn wà ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí ìbẹ̀rù rògbòdìyàn gba ìlú, Walmart kó ìbọn àti ọta kúrò lórí àtẹ nínú àwọn ilé ìtajà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló ní kí wọ́n kó wọn padà.

Lójú tèmi, nínú gbogbo ìdáhùn tó kan olè òru, èyí ni ìrònú rẹ̀ gún jù, òun náà ló sì ṣòro jù láti máa ṣe lójoojúmọ́. Alẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ bá rẹ̀, tó ní kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ètò náà kò sí mọ́.

Áláàmù àti kámẹ́rà

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí jù. Ní Connecticut, ilé ìtajà tó bá ní ìbọn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún títà gbọ́dọ̀ ní áláàmù. Ní Illinois, òfin tí Gómìnà J. B. Pritzker buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 béèrè áláàmù àti kámẹ́rà, ó sì ní kí àwòrán tí kámẹ́rà bá yà wà nípamọ́ fún ọjọ́ 90. California ju wọ́n lọ: láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọdún kan gbáko ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tọ́jú rẹ̀, àti àwòrán àti ohùn.

Àtakò tó lágbára jù sí áláàmù ni ti àkókò. Olè tó mọ ohun tó ń ṣe kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọlọ́pàá ìlú ńlá kì í sì í sábà dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé áláàmù ti purọ́ fún ọlọ́pàá títí ó fi sú wọn. Láti ìparí 2000, ọlọ́pàá Salt Lake City kì í dáhùn áláàmù olè àfi bí ẹnìkan bá ti fojú rí i tàbí tí kámẹ́rà ti jẹ́rìí sí i pé olè wà níbẹ̀ lóòótọ́; àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀lé e. Áláàmù tí kò bá ní kámẹ́rà lẹ́yìn ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ariwo lásán ni. Ti kámẹ́rà náà kò yàtọ̀ púpọ̀: olè tó fi fìlà àti ìbòjú bo ojú kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó yẹ ká dá kámẹ́rà láre lórí ohun kan tí àwọn alátakò kì í sábà mẹ́nu bà. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ọ̀sán ni. Ó ń rí oníbàárà tí ọwọ́ rẹ̀ yá, ó ń rí òṣìṣẹ́, ó sì ń rí ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn obìnrin kan tó ń tọ́ka ìbọn tí kó bá òun rà, nítorí pé òfin kò gba òun fúnra rẹ̀ láyè láti rà á. Àwọn oníbàárà kan kò fẹ́ràn èyí rárá. Òfin àpapọ̀ ti 1986 kò gba ìjọba láyè láti ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó ní ìbọn, wọ́n sì ń béèrè pé kí ni ojú àti ohùn ènìyàn tó wà nípamọ́ fún ọdún kan jẹ́, bí kì í bá ṣe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn? Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù ni àwòrán náà wà.

Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù góòlù ní Yúróòpù ti ń lò tipẹ́, tó ń tú èéfín funfun sínú ilé láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tí olè kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dí àlàfo àkókò tí áláàmù fi sílẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni owó, àti aládùúgbò tí yóò rò pé ilé ń jó.

Ẹni tó ń ṣọ́ ọ

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn kan ní kí mẹ́gádì tó ní ìbọn máa sùn síbẹ̀, tàbí kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù máa sùn síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bí àwọn kan ti ṣe nígbà rògbòdìyàn 2020. Ní Texas, òfin lè gba ènìyàn láyè láti yìnbọn nítorí ohun ìní rẹ̀ bí olè bá wọlé lóru; ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹni tó bá dán an wò láìjẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Ti pàkúté ìbọn, tí yóò dún fúnra rẹ̀ bí olè bá ṣílẹ̀kùn, ti yanjú láti 1971, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Iowa fọwọ́ sí i pé kí ẹni tó dẹ irú rẹ̀ sínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé san 30,000 dọ́là fún olè tó fi ṣe lẹ́sẹ̀. Mẹ́gádì lówó lórí ju òpó irin lọ, oṣooṣù ni wọ́n sì ń san án. Bí olè tó bá dé bá ti mú ìbọn tirẹ̀ dání, ọ̀rọ̀ ohun ìní ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn.

Ìwé àkọsílẹ̀

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìhà karùn-ún kò ka olè òru sí olórí ìṣòro rárá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé oníṣọ́ọ̀bù tí kò mọ iye ìbọn tó ní kò lè mọ̀ pé wọ́n jí ọ̀kan.

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń gbé síwájú wá láti Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington. Ní oṣù kẹwàá 2002, àwọn méjì fi ìbọn gígùn kan pa ènìyàn mẹ́wàá ní agbègbè olú-ìlú Amẹ́ríkà, tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń bẹ̀rù àtira epo ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa nọ́ńbà ìbọn náà, ó já sí ilé ìtajà kan tó ń jẹ́ Bull's Eye Shooter Supply. Ọmọ ọdún 17 tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì náà sọ fún àwọn tó ń ṣèwádìí pé òun ló jí i níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọ́ ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀bù náà kò sì fi tó ẹnikẹ́ni létí pé ìbọn kan kò sí mọ́, àfìgbà tí wọ́n ti mú àwọn apànìyàn náà. ATF wò ó lẹ́yìn náà, ó sì rí i pé ìbọn 238 ni wọn kò lè sọ ibi tó wà láàárín ọdún mẹ́ta. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì wọn ní 2003. Ní 2004, ṣọ́ọ̀bù náà àti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìbọn náà san ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún àwọn ẹbí.

Gbogbo oníṣòwò ló ní ìwé tó yẹ kó dènà irú èyí. Ìbọn tó wọlé: ọjọ́, irú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ti wá. Ìbọn tó jáde: ọjọ́, àti ẹni tó gbà á. Bí wọ́n bá fi ìwé yìí wé ohun tó wà lórí àtẹ lóṣooṣù, tàbí lálaalẹ́ bíi ti àwọn tó ń kó ìbọn sínú yàrá irin, ìbọn kan kò lè sọnù fún ọdún mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnìkan mọ̀. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí 2004 ni àwọn aṣòfin ti fi gbólóhùn kan sínú òfin ìnáwó, èyí tí wọ́n so mọ́ orúkọ Todd Tiahrt, aṣòfin láti Kansas, pé ATF kò gbọdọ̀ fi í ṣe dandan fún oníṣòwò láti ka ọjà rẹ̀. Òfin ti 1986 sì ti kọ́kọ́ sọ pé àyẹ̀wò ATF kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún láìgba ìwé àṣẹ. Ní ti gidi, ọ̀pọ̀ ọdún máa ń wà láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe kan òfin wákàtí 48. Wákàtí náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí oníṣọ́ọ̀bù bá *mọ̀*. Ẹni tó ń kà lójoojúmọ́ yóò tètè mọ̀, yóò tètè ní ẹjọ́ láti rò, ATF yóò sì wá bá a. Ẹni tí kì í kà, wákàtí tirẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ rí. Mo rò pé ibí yìí ni òfin náà ti ya jù.

Ìṣirò ATF fún 2012 jẹ́ kí ìhà yìí rí ilẹ̀ dúró sí. Nínú ìbọn tó ju 16,000 lọ tí àwọn oníṣòwò ní kò sí mọ́ lọ́dún náà, èyí tó ju 10,000 lọ ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó "sọnù", tí ẹnikẹ́ni kò fọ́lé. Àwọn oníṣòwò máa ń fèsì pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àṣìkọ: nọ́ńbà tí wọ́n kọ lódì, ìbọn tí wọ́n tà tí wọ́n gbàgbé láti yọ kúrò. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìkọ náà ni ibòji tí òṣìṣẹ́ tó ń jalè ń sá pamọ́ sí. Àìlera ìwé ni pé kò dá olè dúró rárá. Ó ń sọ fún ọ ní òwúrọ̀ ohun tí olè kó lálẹ́, ó sì ń fún ọlọ́pàá ní nọ́ńbà tí wọn yóò máa wá. Ìyẹn nìkan.

Kí òfin pàṣẹ, tàbí kí ó jẹ olè níyà?

Lábẹ́ gbogbo èyí ni ìjà òṣèlú wà. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, Lindsey Graham láti South Carolina ti gbé àbádòfin kan wá tí yóò jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n tí kò ṣeé dín kù wà fún ẹni tó bá fọ́ tàbí tó bá dìgun ja ṣọ́ọ̀bù ìbọn. Ní ìhà kejì, Dick Durbin àti Brad Schneider, tí wọ́n jọ wá láti Illinois, gbé tiwọn wá pé kí òfin àpapọ̀ pàṣẹ pé ìbọn gbọ́dọ̀ wà ní títì bí ṣọ́ọ̀bù bá padé. NSSF fara mọ́ ti àkọ́kọ́: olè ni ọ̀daràn, kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ oníṣọ́ọ̀bù níyà. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ òfin ìbọn tó le fara mọ́ ìkejì.

Àìlera ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni pé ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń mú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sì í sábà dé ilé ẹjọ́ àpapọ̀. Àìlera ọ̀rọ̀ àṣẹ ni pé nínú 50,000 oníṣòwò náà, ọ̀pọ̀ kò ní ṣọ́ọ̀bù rárá. Nínú ilé tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ti ń tà á, ìbọn mẹ́wàá tàbí ogún. Ṣé òpó irin ni kí wọ́n rì síwájú yàrá ìjókòó?

Ilẹ̀ Britain ti yan ọ̀nà tirẹ̀. Òfin Ìbọn tiwọn náà jẹ́ ti 1968, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá lè kọ̀ láti fi orúkọ oníṣòwò sílẹ̀ bó bá rí i pé òwò náà lè kó aráàlú sínú ewu, ọlọ́pàá a sì máa wo ibi tí wọn yóò kó ìbọn sí. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń jiyàn kì í sábà sọ pé ètò náà kò ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé ni bóyá ó ṣeé gbé sọdá òkun: láti 1997, lẹ́yìn ìpànìyàn ilé-ẹ̀kọ́ Dunblane, ìbọn ìléwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lọ́jà wọn mọ́, ìbọn ìléwọ́ sì ni olè Amẹ́ríkà ń wá jù.

Àwọn kan gbé e gba ọ̀nà kẹta. Adójútòfò kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú. Bí kò bá sí áláàmù, owó tí wọn yóò máa gbà á ga, tàbí kí wọ́n má gbà ọ́ rárá. California ti sọ ọ́ di dandan kí oníṣòwò ní adójútòfò tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là. ATF àti NSSF pẹ̀lú máa ń pawọ́ pọ̀ ṣèlérí owó fún ẹni tó bá tú àṣírí olè, tí ẹgbẹ́ náà sì ń fi iye tí ATF bá fi sílẹ̀ kún un títí dé 5,000 dọ́là.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

Èyí tó tóbi jù ni ibi tí olè ń lọ bí wọ́n bá lé e. Láti 2017 sí 2021, ìbọn tí wọ́n jí lọ́wọ́ àwọn aráàlú, nínú ilé àti nínú ọkọ̀, ju mílíọ̀nù kan lọ. Ti ṣọ́ọ̀bù kéré níwájú rẹ̀. Bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá di ilé irin, ṣé olè yóò ṣíwọ́, tàbí yóò kọjú sí ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ síta? Àwọn tó ń gbèjà ṣọ́ọ̀bù ń fi iye náà sọ pé àwọn kọ́ ni ìṣòro. Àwọn tó dojú kọ wọ́n ń fèsì pé ìbọn ṣọ́ọ̀bù máa ń jáde ní ogún tàbí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, tuntun, lọ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ibi tí yóò tà á sí.

Òfin àwọn ìpínlẹ̀ náà kò tíì fún wa ní ìdáhùn tó dájú. Ti Illinois bẹ̀rẹ̀ nígbà tí rògbòdìyàn àti àrùn Kòrónà ti da gbogbo ìṣirò rú. Ohun tó lọ sílẹ̀ tàbí tó gòkè lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ òfin, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ ọdún náà. Bákan náà ni ẹnikẹ́ni kò tíì fi kámẹ́rà nìkan wé àpótí irin nìkan, láàárín ṣọ́ọ̀bù tó jọra, kí a lè mọ èyí tí owó oníṣọ́ọ̀bù kékeré yẹ kó kọ́kọ́ lọ sí.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà sì tún wà, èyí tí àwọn ìhà márùn-ún kò kàn rárá. Ní 2018, ní Memphis, nǹkan bí 400 ìbọn ni wọ́n kó lọ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ akẹ́rù UPS, kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù kankan. Láti 2016 ni ìlànà ATF ti sọ pé oníṣòwò tó fi ẹrù ránṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ jábọ̀ bó bá sọnù lọ́nà. Jíjábọ̀ ti ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ìbọn náà láàárín ilé-iṣẹ́ tó ṣe é àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, irú àgádágodo tó yẹ kó wà lára ọkọ̀ tó gbé e, àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, àríyànjiyàn tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.